Ẹ̀yìnkùlé Tí N Kò Lè Gbẹ́

Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun ní Accra kò ní orúkọ tó ṣe é pè lédè wa. Bí mo bá ní àyíká ilé ni mo ń tún ṣe, àwọn èèyàn mi á ní ṣé ilẹ̀ ni mo ń gbá. Bí mo bá ní òdòdó ni mo ń gbìn, wọ́n á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ní òun ń kọ́ adìẹ lórin. Ọjà ni gbogbo Yorùbá tó wà ládùúgbò wa ń tà nígbà náà: aṣọ, ọṣẹ, ìṣó, sàdíìnì. Èmi nìkan ni mo ń fi ọkọ́ àti okùn jẹun láàárín wọn. Ìyàwó mi, tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Adabraka, a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ àwọn obìnrin yòókù ń tu koríko, ọkọ tòun ń gbìn ín.

Iṣẹ́ ni ṣá o, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àgbàlagbà kan tó ń tọ́ igi nínú ọgbà ìjọba lórí òkè ló kọ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́ lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ dé ilé oníbàárà. Mo gbọ́dọ̀ wọlé, kí n jókòó sórí àga onílé, kí n wo ìta láti ojú fèrèsé, nítorí pé inú ilé ni onílé ti máa ń wo ọgbà rẹ̀ ju ìta lọ. Lẹ́yìn náà ni màá bèèrè ibi tí omi ń gbà nígbà òjò. Omi ti ní ọ̀nà tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀, ẹni tó bá sì dí i, inú pálọ̀ ni yóò ti bá a pàdé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ńkọ́? A kì í fi okùn fà á. A óò ní kí àwọn ará ilé máa rìn bó ṣe wù wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, ibi tí koríko bá sì kú sí ni a óò to òkúta sí. Mo ti rí ọ̀nà tó rẹwà, tó gún bí ìlà inú ìwé ọmọléèwé, tí ìyàwó ilé kò gbà rí, àárín òdòdó ló ń gbà lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Ó tún kọ́ mi láti fi àyè sílẹ̀. Àwọn olówó máa ń fẹ́ kí n kó gbogbo nǹkan sí gbogbo ibi, kí àlejò lè mọ̀ pé owó ti jáde. Màá gbà fún wọn lójú, màá sì fi ìdajì ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní koríko lásán, nítorí ojú náà ń fẹ́ ibi ìsinmi. Igi gíga ní ẹ̀yìn, èyí tó kúrú níwájú, irú kan náà mẹ́ta lójú kan dípò oríṣi mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò le. Àwọn tó ń gbọ́ràn ni kò pọ̀.

Ní ti ohun èlò, èyí tó wà nítòsí ni mo máa ń lò. Yangí pupa wà káàkiri, wọ́n lè gé e bíi bíríkì nígbà tó bá ṣì tutù nínú ilẹ̀, atẹ́gùn á wá mú un le. Ìkarahun tí àwọn obìnrin máa ń kó wá láti odò Fóltà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ẹran inú rẹ̀, máa ń mú ilẹ̀ gbẹ, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rì, ó sì ń dún ṣàràṣàrà lábẹ́ bàtà tó fi jẹ́ pé olè kò lè yọ́ wọlé. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó funfun jù. Mo dà á síwájú ilé adájọ́ kan tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń ta gbogbo ìtànṣán rẹ̀ sínú ilé, tí adájọ́ àti ìyàwó rẹ̀ ń dijú jẹun. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó gbogbo rẹ̀ kúrò, wọn kò sì fún mi ní omi mu lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ibi tí èmi fúnra mi ń gbé ní Kokomlemle á sọ pé irọ́ ni mo ń pa, n kò mọ iṣẹ́ kankan. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni, ó kọjú sí òpópó, ó sì ní ẹ̀yìnkùlé tó fẹ̀ dáadáa, ìṣísẹ̀ ogún ní gígùn, méjìlá ní ìbú. Kò sí ewé kan níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa lásán ni, tí a ń gbá láàárọ̀. Ìyá tó ni ilé, obìnrin ará Ga kan tí gbogbo wa ń pè ní Awo, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lédè wọn, kò yé fi ọ̀rọ̀ náà bú mi. Á ní mò ń wọ aṣọ fún ìyàwó oníyàwó, mo fi tèmi sílẹ̀ ní ìhòòhò. Màá rẹ́rìn-ín, màá sì sọ pé bí mo bá rí àyè. Irọ́ ni. Mo ní àyè.

Ọdún kẹfà ṣáájú ìgbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gánà ni ọmọ wa kẹta bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di àga mú rìn ni. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Awo ti lọ sí Teshie níbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n kó èmi àti ìyàwó mi sí yàrá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, obìnrin méjì sì jókòó tì wá. Bàbá kan tó ń ta páànù àti ìṣó ní Adabraka ló gbé ọmọ náà jáde. A gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa, wọ́n ti gbá gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n ti wọ́n omi sí i, wọ́n ti tún un gbá, ojú kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá náà nìyẹn. Wọn kì í jẹ́ kí òbí rí ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Òbí kì í bèèrè, ẹni tó bá mọ̀ kì í sọ. Mo mọ ìdí rẹ̀, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n fẹ́ kí a máa wo iwájú. Ibi tí a ti ṣìṣe ni pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Nílé, gbogbo agboolé ni ì bá mọ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbé ọkọ́ síbẹ̀. Ní Accra, ó yẹ kí a sọ fún Awo. A ní bó bá ti dé. Ó dé, ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a ní kí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀. Ó bèèrè ọmọ, a sọ fún un, ó bá wa sunkún, ó rò pé itẹ́ òkú ìlú ni wọ́n gbé e lọ, a kò sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i lẹ́nu wa.

Nítorí náà ni n kò ṣe ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ yẹn. N kò mọ ibi tó wà. Ó lè wà lábẹ́ fèrèsé wa, ó lè wà nídìí ọgbà. Mo máa ń wo ẹ̀yìnkùlé náà láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe kọ́ mi, n kò sì rí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Nígbà tí ìjọba Gánà wá ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. A ti pẹ́ níbẹ̀ jù. Àwọn ọmọ wa ń sọ Twi àti Ga ju Yorùbá lọ, bí a bá bá wọn wí, èdè àdúgbò ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ẹ̀rín ti tán. Àwọn tí wọ́n ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó mi láti ọjọ́ yìí wá ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń bèèrè ọjọ́ tí àwọn Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, máa lọ. Ìdílé mẹ́rin la jẹ́ Yorùbá nínú ilé náà. Mẹ́ta ti lọ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí.

Àyè ìyàwó àti ọmọ nìkan la rí nínú ọkọ̀. Èmi á wá ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé wọn. Mo sìn wọ́n dé ibi tí àwọn lọ́rì ti ń gbéra nítòsí Circle, èrò pọ̀ bí eéṣú. Ìyàwó mi gbé ọlọ rẹ̀ dání, òkúta pẹlẹbẹ tó fi ń lọ ata láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ni awakọ̀ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Ó ní, “Òkúta? Ṣé kò sí òkúta ní Nàìjíríà tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gun ọkọ̀, ó gbé ọmọ kékeré lé itan, ó wá yọrí síta, ó pè mí mọ́ra.

Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́fà tí ọ̀kan nínú wa máa dárúkọ ibẹ̀ fún èkejì. Mo ní wọn kò ní gbẹ́ ẹ. Ọkọ̀ gbéra, mo sì gbé ọlọ náà lé èjìká, mo padà sílé.

Ẹni tí kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ bó ṣe rí kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òwúrọ̀ ni mo kórìíra jù. Tẹ́lẹ̀, ariwo ni yóò jí mi: ẹnìkan ń bá ọmọ jà nítorí bàtà ilé ìwé, ẹnìkan ń pọn omi, ẹnìkan ń gbàdúrà fún gbogbo wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Báyìí, ìró ìgbálẹ̀ Awo níwájú ilé nìkan ni mò ń gbọ́. Mo ra kẹ́ńkè kan, ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, mo jẹ ìdajì rẹ̀, mo tọ́jú ìdajì, mo wá rántí pé kò sí ẹni tí mò ń tọ́jú rẹ̀ fún. Ó dùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ Yorùbá sókè, kí èdè náà ṣáà lè dún nínú yàrá.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ ni Awo wá bá mi. Twi àmúlùmálà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ máa ń sọ. Ó ti sunkún títí nítorí tiwa, ṣùgbọ́n owó ilé ló fi ń jẹun.

Ó ní, “Alata, mo ti rí ẹni tó máa gba yàrá yín. Òṣìṣẹ́ báńkì ni. Ó ní ìyàwó òun ò lè máa dáná níṣojú gbogbo ayé. Màá kọ́ ilé ìdáná sẹ́yìn fún wọn, màá sì gbẹ́ ṣalángá síbẹ̀. Ìwọ náà kúkú fi ibẹ̀ ṣòfò.”

Ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ronú nípa ọlọ́pàá, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi kan àjèjì lọ́rùn lásìkò yẹn. Mo ronú pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, mo ti gbé òkú mi síbẹ̀ láìtọrọ, àti pé ó lè ní kí wọ́n hú u jáde kíákíá kí ilé rẹ̀ lè mọ́. Mo bá ní, “Awo, ẹ jẹ́ kí n tún ẹ̀yìnkùlé yẹn ṣe fún yín kí n tó lọ. Ẹ̀bùn ni. Tó bá wù yín, ẹ kọ́ ilé ìdáná sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀rọ omi wà, ẹ ò ní pàdánù ẹ̀yìnkùlé.” Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ọjọ́ tí mò ń lọ ni mo wá rí àyè.

Ohun tí mo gbójú lé ni pé ibi tí kò wúlò ni èèyàn máa ń gbẹ́. Mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ilé. Wọn kì í gbẹ́ ṣalángá sí ibi tí wọ́n ti ń jókòó gbatẹ́gùn, wọn kì í wó ibi tí àlejò ń yìn. Bí mo bá lè sọ ẹ̀yìnkùlé yẹn di ibi tí Awo kò ní lè rántí bó ṣe wà láìsí, ọmọ mi á sùn. Ṣùgbọ́n gbígbẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ mi fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ to òkúta, màá kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wọlé ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, màá da yangí fífọ́ sí i, màá fi òlù, igi wúwo tí a fi ń mú ilẹ̀ le, lù ú, yanrìn á tẹ̀lé e. Bí mo bá fẹ́ gbin igi, ihò ńlá ni. Kí n tó lè gbẹ́ ohunkóhun, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí n kò gbọdọ̀ gbẹ́.

Mo lọ bá bàbá tó ń ta páànù ní Adabraka. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di títì, ó wà lẹ́yìn ilé, ó ń fi okùn di àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ibo lẹ gbé e sí?”

Kò bèèrè ẹni tí mò ń sọ. Ó ní, “Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé orí rẹ pé báyìí?”

“Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ yẹn, Bàbá.”

“Ẹ̀yìnkùlé yín ni. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu mi kọ́ lo ti máa gbọ́ ọ.”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Mo wá bínú, mo sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà bí kò ṣe yẹ. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ló sin ín, bí àwọn ẹlòmíràn bá fi ọwọ́ tiwọn hú u jáde, kí ó rántí pé mo wá. Ó tẹjú mọ́ okùn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti kún ojú rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ mẹ́rin ni mo bá èèyàn sin ní ìlú yìí. Gbogbo wọn ni mò ń fi sílẹ̀ lọ báyìí. Má fi tìrẹ nìkan dá mi lóró.”

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá a di àpótí náà, mo bá a gbé e dé ojú títì, n kò sì bèèrè mọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí n kò ṣe irú rẹ̀ rí nìyẹn, iṣẹ́ tí ọkọ́ kò ní kan ilẹ̀. Orí ilẹ̀ ni gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ wà. Mo fi okùn àti ìgò omi wo bí ilẹ̀ ṣe dà, mo rí i pé ó fi díẹ̀ ga lápá ilé, èyí sì dára, omi òjò á lè ṣàn sí gọ́tà. Mo to yangí ní ìlà méjì lórí ara wọn yí gbogbo etí rẹ̀ ká, láìrì wọ́n mọ́lẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó yanrìn sínú rẹ̀, ó nípọn lápá ilé, ó fẹ́lẹ́ lápá gọ́tà. Ó yẹ kí n fi òlù lù ú kí ó le. Mo gbé òlù náà sókè lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi kọ̀ láti sọ ọ́ kalẹ̀. Mo bá ń bu omi wọ́n ọn, mò ń dúró kí ó gbẹ, mò ń tún wọ́n ọn, títí yanrìn fi balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà mí.

Mo ra ìkarahun, mo dà á sórí yanrìn. Ẹ̀yìn ilé ni, igi dógóyárò aládùúgbò sì ń ṣíji bò ó láti ọ̀sán, nítorí náà kò ní máa ta sí ẹnikẹ́ni lójú. Mo gbé pákó káńtà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ó di àga abẹ́ igi. Nítorí pé n kò lè gbẹ́ ihò, mo kó àwọn abọ́ ńlá tí àwọn ọlọ́ṣẹ fi sílẹ̀ lọ́jà, mo fi ìṣó lu ìdí wọn kí omi lè máa jò, mo fi ilẹ̀ dúdú kún wọn, mo sì gbin pèrègún sínú wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta.

Ó ku òkúta tí èèyàn á máa tẹ̀. Síméńtì kò sí lọ́jà. Mo wo ọlọ ìyàwó mi tí mo gbé padà, mo sì rántí ohun tí mo rí níbi ọkọ̀. Mo padà lọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́bàá ọ̀nà, ọlọ lórí ọlọ, gbogbo èyí tí awakọ̀ ti gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa. Mo kó ogún kún ti ìyàwó mi. Kò sí èyí tí àárín rẹ̀ kò tíì jẹ nítorí ata lílọ̀. Nígbà tí Awo rí mi tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ wọlé, ó fọwọ́ lérí.

Ó ní, “Alata, ṣé ata gbogbo Accra lo fẹ́ lọ̀ kí o tó lọ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, nítorí pé n kò tíì bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ márùn-ún.

Ibi tí mo máa to wọ́n sí ló wá dà mí láàmú. Ẹsẹ̀ àwọn ará ilé ló yẹ kí ó fi ọ̀nà hàn mí, kò sì sí ará ilé mọ́. Mo dúró lójú ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo gbìyànjú láti rántí bí ìyàwó mi ṣe ń rìn lọ sá aṣọ, bí àwọn ọmọ ṣe ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. N kò rántí dáadáa. Èmi tí mo ń wo ẹsẹ̀ gbogbo ìyàwó oníyàwó kí n lè gbowó, n kò wo tèmi rí. Mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú okùn, mo fà á tọ́ọ́rọ́, mo to ọlọ mọ́kànlélógún náà sí ìlà mẹ́ta, méje-méje, pẹ̀lú àyè ìṣísẹ̀ kan láàárín wọn. Ó mọ́ tónítóní. Awo jókòó sórí àga pákó náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó na ẹsẹ̀, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná níbí. Inú mi dùn débi pé mo jẹ odidi kẹ́ńkè kan.

Òṣìṣẹ́ báńkì náà wá wo yàrá ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí màá lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó dé fìlà. Awo fi yàrá hàn án, ó sì mú un gba ẹ̀yìn kí ó lè fi ọgbà tuntun ṣe fáàrí. Mo wà níbẹ̀, mò ń bomi rin pèrègún. Ọkùnrin náà dúró lójú ìlẹ̀kùn. Ó wo ìkarahun funfun, ó wo ìlà òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta, ó wo pèrègún, ó sì ṣí fìlà.

Ó sọ fún Awo pé, “Ẹ ò sọ fún mi pé itẹ́ òkú wà lẹ́yìn ilé.”

Awo bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọlọ àwọn Alata ni. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ta ni wọ́n sin síbí?”

Mo wo iṣẹ́ mi. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ohun tí mo ti ń fi pamọ́ láti ọdún mẹ́fà ni mo ti fi òkúta àti ìkarahun kọ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Mo lè purọ́, irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi. Mo ní, “Ọmọ mi ni.”

Ẹ̀rín Awo dúró. Ó bèèrè ọmọ wo, mo sọ fún un. Ó bèèrè ibi tó wà, mo ní n kò mọ̀. Ọkùnrin náà ní báwo ni bàbá á ṣe sọ pé òun kò mọ ibi tí ọmọ òun wà. Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó fi mí sílẹ̀, kí ó lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó kọ́ wa ní àṣà yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Awo lórí ìdúró, títí dórí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wa àti ìró ọkọ́. Ó jókòó sórí àga náà díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, “Ọdún mẹ́fà. O jẹ́ kí n máa da omi ìfọṣọ sí ọmọ lórí fún ọdún mẹ́fà.”

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ìkarahun. Mò ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní ká ní mo sọ fún òun ni, òun ì bá ti ta ọtí sílẹ̀ kí ilẹ̀ fún un, òun ì bá ti sọ fún àwọn baba ńlá òun tó ni ibẹ̀ pé àlejò kékeré kan wà lọ́dọ̀ wọn. Ó wá sọ fún ọkùnrin náà pé kò sí ilé ìdáná lẹ́yìn mọ́, kò sí ṣalángá, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó wá yàrá síbòmíràn. Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì lọ. Kò padà wá.

Awo ní, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

Èmi àti ìyá rẹ̀ kò tíì pe orúkọ yẹn láti òwúrọ̀ tí wọ́n gbé e jáde. Mo pè é. Ó dún ní ẹnu mi bí ohun tí mo yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Awo tún un pè tẹ̀lé mi, ó sì mi orí.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo di ẹrù mi. Awo ti ní òun kì í sin ẹni tó ń lọ tí kò ní padà, nítorí náà mo kí i ní ojú yàrá rẹ̀, mo gbé àpótí jáde. Mo ti dé ìta, mo ti ń yí sí ọ̀nà Circle, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó pe orúkọ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta kí ó wá sílé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá sọ ọ́ ní Twi, kí èmi náà lè gbọ́, pé, “Bàbá rẹ ń lọ o.”

Mo sọ àpótí kalẹ̀, mo dúró, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dáhùn. Lẹ́yìn náà mo gbé e, mo sì lọ.